Ìpolówó Ọjà Tí Ń Gba Èsì

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ rédíò nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tí ó bá a mu jù lọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀rọ náà yóò sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, yóò kí ènìyàn, yóò kọrin, yóò polówó ọṣẹ àti oògùn ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n bí ìyàwó ilé pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ pé ọṣẹ náà ń bó òun lọ́wọ́, rédíò kò ní gbọ́. Bákan náà ni tẹlifíṣọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, bákan náà sì ni pátákó ńláńlá tí wọ́n rì sí ẹ̀bá títì. Ẹni tí ó lówó láti polówó ni ó ní ẹnu. Àwa tí a ń ra ọjà, etí àti ojú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Bí a bá sì rò ó dáradára, ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ìpolówó ọjà wa kò rí bẹ́ẹ̀ kí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tó dé. Ẹlẹ́kọ tí ń kiri ní ìdájí a máa fi ohùn dídùn polówó, ṣùgbọ́n bí ó ti ń polówó ni ó ń dẹ etí sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé tí ó ń kọjá. Bí ẹnìkan bá dá a lóhùn láti inú ilé pé ẹ̀kọ àná kan, kò ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Yóò sọ igbá kalẹ̀, yóò bẹ̀bẹ̀, yóò sì fi ènì sí ti òní. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ẹ̀sùn, gbogbo àdúgbò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹni tí kò tíì rà á rí yóò sì ti ibẹ̀ mọ irú ènìyàn tí ẹlẹ́kọ náà í ṣe. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí òwò lórí fóònù lóde òní, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi èdè ńláńlá ṣàlàyé bí ẹni pé ojú kò rí irú rẹ̀ rí, èmi rí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́kọ tí ó padà sí àdúgbò. Èsì ti dé. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń polówó ni ó fẹ́ ẹ.

Olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Oúnjẹ, aṣọ àti ètò ìnáwó ilé ni iṣẹ́ mi, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán lákòókò yìí kí ọ̀rọ̀ yìí má kàn án. Kí n tó parí ẹ̀kọ́ wákàtí kan, ẹnìkan ti gba iṣẹ́ àkàrà òyìnbó lábẹ́ tábìlì.

Búlọ́ọ̀gì ni ó ṣáájú. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ni, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ń kọ ọ́ sí, ní gbangba, a sì ń fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí ó kà á lè sọ tẹnu rẹ̀. Ní ọdún 1999 ni Blogger jáde, tí ẹni tí kò mọ inú kọ̀ǹpútà fi lè ní tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Google rà á ní 2003. Facebook dé ní 2004, WhatsApp ní 2009, Instagram ní 2010. Ní tiwa, ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọlé. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó ní tẹlifóònù nínú ilé dà bí ẹni tí ó ní mọ́tò. Ní ti oúnjẹ, tí ó jẹ́ ẹ̀ka tèmi, Ozoz Sokoh bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì rẹ̀, Kitchen Butterfly, ní ọdún 2009, ó sì ń kọ nípa oúnjẹ ilẹ̀ wa bí ẹni tí ó dúró ti ààrò. Tẹ́lẹ̀ rí, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìyẹ̀fun tàbí bọ́tà ni ó ń tẹ ìwé pélébé tí yóò kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó. Nísinsìnyí ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń lọ bá obìnrin tí ń kọ búlọ́ọ̀gì nínú ilé ìdáná rẹ̀, pé kí ó jọ̀wọ́ kí ó lo bọ́tà àwọn. Ó dára kí wọ́n sanwó fún un. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ó gbowó kí ó má sì sọ fún wa pé òun gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà gidi ṣe àpẹẹrẹ. Àbúrò ìyá mi obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ìwé mẹ́fà ni ó kà, kò sì fẹ́ràn kíkọ̀wé. Bí ó bá di dandan kí ó kọ lẹ́tà, ọmọ ni yóò pè. Nígbà tí WhatsApp kọ́kọ́ dé, ó ní nǹkan àwọn alákọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013 ni WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀, tí ènìyàn lè tẹ ojú kan lórí fóònù, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún un.

Mo jókòó tì í ní ìsọ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi kan, mo sì gbọ́ bí ó ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹni náà kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré pẹ̀lú àwòrán: èló ni èyí? Àǹtí kò sọ iye lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, ó kí i kú òtútù, ó béèrè ìyá rẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó ní kí ó bá òun kí ọkọ. Lẹ́yìn náà ni ó kan aṣọ: èlú ni, kì í ṣe aró òyìnbó, ẹlẹ́kọ ni, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì fi kọ ọ́, ọ̀pá márùn-ún ni, ìyá tí ó kọ ọ́ ti dàgbà, irú ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́ lọ́jà. Ìgbà náà ni ó tó wá pe iye rẹ̀, ó sì fi kún un pé, "Àmọ́ ọmọ mi ni ẹ́, ìwọ náà sọ tẹnu ẹ." Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ará Lọ́ńdọ̀nù náà gbọ́ ọ tán, ó fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ padà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ná an, wọ́n sì fẹnu kò kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nígbà tí a wà nílé-ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé lẹ́tà òwò kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìdílé nínú. Àdírẹ́sì méjì, ọjọ́, "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n", ohun tí a fẹ́, ó parí. Ẹni tí ó bá béèrè àlàáfíà ìyàwó ọ̀gá nínú rẹ̀ yóò pàdánù máàkì. Irú ọ̀rọ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ni báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá fi bá wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá wò wọ́n lórí Facebook báyìí: wọ́n ń kí wa kú ọdún, wọ́n ń dá àpárá, wọ́n ń bẹ̀ wá pé kí a bá àwọn sọ̀rọ̀. Ohùn ọlọ́jà ni wọ́n ń kọ́, wọ́n sì ń sanwó fún ọ̀dọ́ tí yóò kọ́ wọn. Àǹtí mi kò gba ìwé-ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀. Àwọn tí ń wá ìwé-ẹ̀rí, èyíinì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi, ni mo ń bẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n kí oníbàárà kí wọ́n tó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí i.

Kì í ṣe adùn nìkan ni ó wà níbẹ̀ o. Houston ní Amẹ́ríkà fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje gbẹ́yìn wa, nítorí náà nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ bá jẹun alẹ́ tán tí wọ́n ráyè wo aṣọ, òru dúdú ni níhìn-ín, fóònù Àǹtí yóò sì máa dún lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọkọ rẹ̀ ní oníṣòwò ọ̀sán ni òun fẹ́ níyàwó, òun kò fẹ́ ti òru. Ọjà a máa ní ìgbà pípàtẹ, a sì máa ní ìgbà kíkó. Èyí kò ní ìgbà kíkó. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń ya àwòrán tí ó sì ń dáhùn lórí Instagram kò gba kọ́bọ̀ fún un. Iṣẹ́ ilé ni wọ́n kà á sí, bíi kí ó gbálẹ̀. Mo ti sọ fún Àǹtí pé iṣẹ́ gidi ni, kí ó máa yọ nǹkan fún ọmọ náà nínú èrè. Ó ní òun yóò rò ó.

Ohun kan wà tí mo kórìíra nínú òwò yìí, n kò sì ní fi bò. Òǹtajà yóò pàtẹ aṣọ tàbí ìkòkò sí ojú gbogbo ayé, yóò wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tí ó fẹ́ mọ iye rẹ̀ wá bá òun ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìnájà ni, pé àṣà wa ni. Àṣà wa kọ́. Ní ọjà, bí ọlọ́jà bá pe aṣọ ní náírà 5,000 fún ọ, ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ gbọ́. Bí ó bá yíjú tí ó pè é ní 8,000 fún ẹni náà nítorí pé ó so wúrà mọ́rùn, ojú ni yóò tì í. Kọ̀rọ̀ ni ó ń jẹ́ kí wọ́n wo ọrùn ẹni kí wọ́n tó pe iye. Òfin ìdíje òwò àti ààbò òǹrajà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, sì sọ pé ẹni tí ó bá pàtẹ ọjà fún títà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí fóònù tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí yóò ná an yóò ṣì ná an.

Èsì sì wà tí wọ́n ń ṣe bí ẹni gbà tí wọn kò gbà. Nígbà tí ìyá ọkọ mi fẹ́ pé ọdún 70, mo ra sányán fún un lọ́wọ́ òǹtajà kan tí mo rí lórí Instagram, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Àwòrán náà dára, àwọ̀ rẹ̀ rí bí èèpo ẹ̀pà gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Nígbà tí aṣọ dé, ọwọ́ mi ti mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀. Mo fa fọ́nrán kan yọ ní etí rẹ̀, mo fi iná ràn án. Fọ́nrán tí kòkòrò ṣe, bí ó bá ń jó, a máa rùn bí irun orí tí iná rà, eérú rẹ̀ a sì kóra jọ bí ilẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré tí a lè fi ìka rún. Òwú oko a máa rùn bí bébà, eérú rẹ̀ a sì fúyẹ́. Ti èmi rùn bí bébà. Owó sányán ni mo san, òwú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbú ẹnikẹ́ni, pé ohun tí mo gbà kì í ṣe ohun tí a ń pè ní sányán, kí a jọ wá nǹkan ṣe sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ mi pa rẹ́. Nígbà tí mo tún padà lọ, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, n kò tilẹ̀ rí ìsọ̀ náà mọ́. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ mọ ilé gbogbo ẹni tí ó gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, wọn a sì lóṣòó síbẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Èmi kò mọ ìlú tí ẹni tí ó gba owó mi ń gbé. Mo fi fóònù ẹlòmíràn wò ó: ìyìn nìkan ni ó kù lábẹ́ àwòrán náà, "ó rẹwà", "ó rẹwà", títí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn mi yóò rò pé kò sí ẹni tí ó rà á tí inú rẹ̀ kò dùn. Ẹlẹ́kọ kò lè ṣe èyí. Ohùn tí ó ti inú ilé jáde, kò lè pa á rẹ́ kúrò létí àdúgbò.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ra nǹkan, ìyìn kọ́ ni mo ń wá lábẹ́ ọjà. Ẹ̀sùn ni mo ń wá, àti bí ọlọ́jà ṣe dá a lóhùn. Ìsọ̀ tí ó ti wà láti ọdún mẹ́ta tí kò ní ẹ̀sùn kan ṣoṣo, mo ń fura sí i. Bí ó bá sì jẹ́ àdìrẹ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta, kí wọ́n yà á fún yín lójú ọ̀sán. Aṣọ tí a rẹ sínú aró, aró náà a máa wọ iwájú àti ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ojú kan, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tó ti iwájú.

Ṣùgbọ́n ká ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà kéré sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Obìnrin oníṣòwò kan ra tòmátò alágolo tí kò rà rí, nítorí pé kò rí irú èyí tí ó máa ń lò. Ó tọ́ ọ wò, ó sì kọ ọ́ sí Facebook pé ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ní kí àwọn tí ó ti lò ó rí sọ bí ó ti rí sí wọn. Ẹnìkan fèsì pé kí ó lọ ra ti ẹlòmíràn, kí ó má ba ọjà arákùnrin òun jẹ́. Obìnrin náà fi ọ̀rọ̀ líle dá a lóhùn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni tòmátò ní ó ba àwọn lórúkọ jẹ́. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, wọ́n fẹ̀sùn kàn án lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà sì tún pè é lẹ́jọ́ lọ́tọ̀ fún bílíọ̀nù 5 náírà. Nítorí ìtọ́wò tòmátò!

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ oúnjẹ, inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Bóyá ṣúgà pọ̀ tàbí kò pọ̀, ohun tí a lè wọ̀n ni. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ sí ara agolo, èyí tí ó wúwo jù lọ ni a sì kọ́kọ́ ń kọ. Tòmátò fúnra rẹ̀ pàápàá ní adùn tí a kò bù sí i. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìdáhùn ìbá kọ ìlà mẹ́rin sábẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà: ẹ ṣeun tí ẹ rà á, iye ṣúgà inú rẹ̀ nìyí, bí a ṣe ń lò ó nìyí, bí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn ẹ wá gba owó yín. Èmi gan-an ìbá lọ ra agolo kan nítorí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Dípò èyí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ nìkan ìbá kà di ohun tí wọ́n ń ròyìn ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ẹnu obìnrin náà ni ó kó bá a. Èmi kò gbà. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá sọ pé oúnjẹ pa ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí, irọ́ sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ti ba oníṣòwò aláìṣẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ń ra gàrí ni a ti ń bù ú sẹ́nu kí a tó sọ, létí ẹni tí ń tà á, pé ó kan tàbí kò kan. Ìtọ́wò wà nínú ètò ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́. A ń kọ́ ọmọ láti tọ́ oúnjẹ wò kí ó sì kọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ sọ fún un sílẹ̀ láìṣojúsàájú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn náà ń jà ràn-ìn, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi, ó béèrè bóyá kí òun fi orúkọ tòmátò tí òun tọ́ wò sílẹ̀ lófo. Mo ní kí ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́, àmọ́ lẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́, kì í ṣe bírò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ti ilẹ̀ tí a pàtẹ sí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ pọ̀ fún bí wákàtí mẹ́fà, láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru níhìn-ín, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ṣe àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí tán, ó ti fi bọ́tà àti ṣúgà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, inú Instagram sì ni àdírẹ́sì ẹni tí ó ni ín wà. Kò ní nọ́ńbà rẹ̀. Orúkọ tí ó fi mọ̀ ọ́n pàápàá kì í ṣe orúkọ tí ìyá sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni wọ́n jẹ àkàrà náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ti Twitter pa, èyí tí ń jẹ́ X báyìí, láti oṣù kẹfà títí di oṣù kìíní ọdún 2022, ẹni tí ó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, oṣù méje ni ó fi wà láìní ìsọ̀. Búlọ́ọ̀gì tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ gba àyè fún sàn díẹ̀, nítorí pé ó súnmọ́ ilé ara ẹni. Àwọn yòókù, ìsọ̀ tí a yá ni, onílé sì lè ti ilẹ̀kùn láìsọ fún wa.

Nítorí náà ni mo fi ń ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń tajà ra ìwé ìkọ̀wé kan, kí ó kọ orúkọ, nọ́ńbà àti ilé oníbàárà sí i. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín mi. Àǹtí mi ní tirẹ̀, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí ọmọ rẹ̀ ń bá a kọ. Ó ṣí i hàn mí: oníbàárà kan ní Peckham, ọ̀pá mẹ́wàá, owó ti pé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó ní kí ọmọ kọ ọ́ pé, "Ọmọ rẹ̀ àgbà ń ṣe ìdánwò ní oṣù kẹfà. Kí n béèrè."